Láptọ́ọ̀pù tó rọ̀ mọ́ access point ìsàlẹ̀: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ Wi-Fi ní ilé ìwé kan n'Íbàdàn

Ẹ̀sùn tí wọ́n fi pè mí kò gùn. Bí bọ́sà ilé ìwé yìí bá gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ kúrò ní ọ́fíìsì ìsàlẹ̀, tó gun àtẹ̀gùn lọ sí yàrá àwọn olùkọ́ lókè, àmì Wi-Fi á wálẹ̀ di ìlà kan ṣoṣo, ojú ìwé tó fi ń ṣàkọsílẹ̀ owó àwọn ọmọ á sì dúró sójú kan. Bẹ́ẹ̀ access point, ìyẹn àpótí tó ń fọ́n Wi-Fi káàkiri, ń bẹ ní àjà ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè níbẹ̀, díẹ̀ ló kù kó jẹ́ pé abẹ́ rẹ̀ gan-an ló jókòó sí. Fóònù rẹ̀ tó wà lórí tábìlì kan náà ń gba Wi-Fi kan náà, tiẹ̀ kún fọ́fọ́.

Olùdásílẹ̀ ilé ìwé, tí tọmọdé tàgbà ibẹ̀ ń pè ní Mọ́mì, ti rí oògùn ẹ̀ kí n tó dé. Wọ́n ní, "Ẹnjiníà, ẹ jẹ́ ká kúkú ra ìkẹrin, ká gbé e sáàárín." Mo ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kówó yín ṣì wà lápò ná. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tí láptọ́ọ̀pù yẹn ń bá sọ̀rọ̀."

Mo kọ iṣẹ́ yìí sílẹ̀ nítorí pé irú rẹ̀ pọ̀ nígboro, ohun tí wọ́n sì sábà máa ń ṣe sí i ni kí wọ́n fi access point kún access point. Ìyẹn a máa dá kún wàhálà ọ̀hún ni.

Ohun tí mo bá nílẹ̀

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà kan ni. Dẹ́kìn kọnkéré ló wà láàárín òkè àti ìsàlẹ̀, bulọ́ọ̀kù ínṣì 9 ni wọ́n fi mọ ògiri. Access point kan wà lókè ẹnu ọ̀nà àbáwọlé nísàlẹ̀, ọ̀kan wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè. Irú kan náà ni wọ́n, àwọn méjèèjì sì ń lo 2.4 GHz àti 5 GHz, ìyẹn ìgbì rédíò méjì tí Wi-Fi ń gbà. Lẹ́yìn ilé, níbi tí yàrá kọ̀ǹpútà àwọn ọmọ wà, ráútà àtijọ́ kan tí ẹnìkan gbé wá láti ilé ni wọ́n fi ṣe ẹ̀kẹta. Ìyẹn ò mọ̀ ju 2.4 GHz lọ.

Orúkọ Wi-Fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bára mu, pásíwọ́ọ̀dù wọn náà bára mu. Lójú ẹni tó ń lò ó, Wi-Fi kan ṣoṣo ni. Lójú láptọ́ọ̀pù, márùn-ún ni wọ́n: méjì nísàlẹ̀, méjì lókè, ọ̀kan lẹ́yìn ilé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní BSSID, òun ni láptọ́ọ̀pù sì ń tẹ̀ lé. Láti ìgbà tí mo ti dé ibẹ̀ títí mo fi parí, BSSID ni mò ń ṣọ́. Mi ò ka àmì ìlà mẹ́rin igun kọ̀ǹpútà sí ẹ̀rí kankan.

Mo ṣàlàyé ohun kan fún Mọ́mì kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Lórí fóònù GSM, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń pinnu ìgbà tí wọ́n á gbé ìpè rẹ láti òpó kan sí òmíràn. Wi-Fi ò rí bẹ́ẹ̀. Láptọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀ ló ń pinnu pé òun ń lọ, òun náà ló sì ń yan ibi tó ń lọ. Access point lè gbà á nímọ̀ràn, ó lè lé e jáde, àmọ́ kò lè fà á lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ èkejì.

Láptọ́ọ̀pù kì í sì í wá ẹlòmíràn kiri nígbà gbogbo. Kó tó lè gbọ́ ẹlòmíràn, rédíò inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò lórí ṣánẹ́ẹ̀lì (ojú ọ̀nà ìgbì rédíò) tó wà, kó lọ tẹ́tí sí òmíràn. Ní gbogbo àkókò tó bá fi wà níbẹ̀, iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ dúró, bátìrì sì ń lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó kọ driver rẹ̀, ìyẹn ètò tó ń darí rédíò náà, fi fún un ní ààlà: bí sígínà ẹni tó o wà lọ́dọ̀ rẹ̀ kò bá tíì jábọ́ dé iye báyìí, má wojú ẹlòmíràn. Orí ààlà yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yìí dá lé.

Ìrìn àkọ́kọ́, pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù bọ́sà

Windows ló wà lórí ẹ̀. Mo ṣí fèrèsé dúdú méjì, níbi tí èèyàn ti ń tẹ àṣẹ. Nínú àkọ́kọ́ mo tẹ `ping -t 192.168.1.1`, àṣẹ tó ń wọn bí ìdáhùn ṣe ń yára padà láti ọ̀dọ̀ ráútà àgbà tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé. Nínú èkejì, `netsh wlan show interfaces`, tó ń fi BSSID àti agbára sígínà hàn, tí mò ń tún tẹ̀ ní gbogbo ibi tí mo bá dúró sí. Bọ́sà gbé láptọ́ọ̀pù, èmi ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí ẹni tó ń gbé báàgì ìyàwó. Àwọn ọmọ kíláàsì ìsàlẹ̀ ń wò wá lójú fèrèsé.

Nísàlẹ̀, ping ń dáhùn ní 2 ms, 3 ms (ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá). Ní àárín àtẹ̀gùn, kò tíì sí wàhálà. A wọ yàrá àwọn olùkọ́: 180, 640, lẹ́yìn náà "Request timed out", òmíràn tẹ̀ lé e, 410. Mo wo netsh. BSSID tó wà níbẹ̀ ṣì ni ti ìsàlẹ̀, ti 5 GHz. Signal: 38%.

Windows orí láptọ́ọ̀pù yìí kì í kọ dBm, ìwọ̀n agbára sígínà, síbẹ̀, ìdá ọgọ́rùn-ún ló ń kọ. 100% ni -50 dBm, 0% ni -100. Pín in sí méjì, kó o yọ 100 kúrò níbẹ̀: 38% di -81. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ dBm, -50 dára gan-an. -67 ni ibi tí àwọn tó ń gbé ìpè ohùn lórí Wi-Fi kì í fẹ́ kó lọ sísàlẹ̀ jù. Tó bá ti ń sún mọ́ -80, ìyà ti dé. Mo wá mú fóònù mi jáde, mo fi áàpù tó ń wọn Wi-Fi wo ohun tó wà nínú afẹ́fẹ́ yàrá yẹn. Access point òkè: -52. Ìyàtọ̀ 29 dB ni, ìyẹn ni pé agbára èyí tó wà lókè orí rẹ̀ fi bíi ìlọ́po 800 ju ti èyí tó rọ̀ mọ́ lọ.

A dúró síbẹ̀ pẹ́ díẹ̀, ká lè rí i bóyá á yí èrò padà. Kò yí.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ kó tó dé, `netsh wlan show wlanreport` wúlò. Ẹ ṣí fèrèsé dúdú náà gẹ́gẹ́ bí alákòóso kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Á kọ ìwé kan tí ẹ lè ṣí nínú bíráwúsà, tó ń fi ìgbà tí Wi-Fi já àti ìgbà tó padà wá láàárín ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn hàn. Ti bọ́sà mọ́ tónítóní. Kò já rárá. Ìyẹn gan-an ló yà mí lẹ́nu, nítorí láptọ́ọ̀pù tó bá ń rìn káàkiri ilé ńlá báyìí, ó yẹ kó ní àpá díẹ̀ lára.

Ẹni tó kàn án mọ́lẹ̀

Mo ṣí Device Manager, mo wọ inú káàdì Wi-Fi rẹ̀, Intel ni, mo tẹ Advanced. Ìlà kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Roaming Aggressiveness. Ó ní ipò márùn-ún, láti "1. Lowest" dé "5. Highest". Àárín, 3, ni Intel máa ń fi sí. Ti bọ́sà wà ní 1. Ní ipò yẹn, láptọ́ọ̀pù ò ní kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó wà àfi tí ẹni náà bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán.

Kò ṣàdédé débẹ̀. Mo bi í bóyá ẹnìkan ti fọwọ́ kàn án rí.

"Bùrọ̀dá kan wá ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Nígbà yẹn, bí mo bá gbé e dé yàrá kọ̀ǹpútà lẹ́yìn, á kàn já ni. Màá tún fi pásíwọ́ọ̀dù wọlé látìbẹ̀rẹ̀. Ó tẹ nǹkan kan níbẹ̀, kò já mọ́."

Ó tán. Kíkọ̀ tí láptọ́ọ̀pù kọ̀ láti kúrò kì í ṣe àìsàn, oògùn tí wọ́n lò fún àìsàn mìíràn ni. Ẹni yẹn rí i pé bó bá ti lọ sára ráútà ẹ̀yìn, gbogbo nǹkan á já, ó wá dí i lọ́nà kó má lè lọ síbì kankan mọ́. Kí n tó tú u sílẹ̀, mo gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń pa á lẹ́yìn ilé. Bí mo bá kàn gbé 1 padà sí 3 tí mo sì gba owó mi, wọn ò ní pẹ́ pè mí.

Ráútà yàrá kọ̀ǹpútà

Ojú lásán ti tó láti rí èyí. Wáyà tó ti inú ilé ńlá wá wọ ihò WAN ráútà náà, ihò tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé, tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí mẹ́rin yòókù tí wọ́n ń pè ní LAN. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wáyà ṣe wọlé, irú ráútà yẹn kì í sábà ṣiṣẹ́ bí access point. Ráútà ni, ó ní ìlú tirẹ̀, ìyẹn nẹ́tíwọ́ọ̀kì tirẹ̀. Mo tẹ `ipconfig`, tó ń fi àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì hàn, lórí ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà àwọn ọmọ: 192.168.0.104. Nínú ilé ńlá, 192.168.1 ni gbogbo wọn ń jẹ́.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí bọ́sà. Ó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ pẹ̀lú àdírẹ́sì 192.168.1.47, iṣẹ́ ṣí sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó dé ẹ̀yìn ilé, láptọ́ọ̀pù rí orúkọ Wi-Fi kan náà, pásíwọ́ọ̀dù kan náà, ó gbà pé ilé kan náà ni, ó wọlé. Àdírẹ́sì tó mú bọ̀ ò níyì níbẹ̀. Nígbà mìíràn ó máa ń pẹ́ kó tó gba tuntun. Kódà bó bá tètè gbà á, gbogbo ohun tó ti ṣí lórí àdírẹ́sì àtijọ́ ti já, torí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ò mọ̀ ọ́n mọ́. Wi-Fi méjì kò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ kan náà bí wọn ò bá sí lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n yàtọ̀, ẹ yí orúkọ wọn padà.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gba nǹkankan. Mo wọ ojú ìṣàkóso ráútà náà, mo fún un ní àdírẹ́sì 192.168.1.3, lẹ́yìn tí mo ti rí i pé kò sí nínú àwọn tí ráútà àgbà ń pín. Mo pa DHCP rẹ̀ kó má pín àdírẹ́sì fún ẹnikẹ́ni mọ́. Lẹ́yìn náà ni mo yọ wáyà kúrò ní WAN, mo ki wáyà náà bọ ọ̀kan nínú ihò LAN. Ẹ ṣe é ní bí mo ṣe tò ó yìí o. Bí wáyà bá bọ́ sí LAN kí ẹ tó pa DHCP, ẹni méjì á máa pín àdírẹ́sì nínú ilé kan, ọjọ́ náà á sì gùn.

Ètò ààbò rẹ̀ náà wà lórí àdàlù WPA àti WPA2. Mo fi sí WPA2 pẹ̀lú AES nìkan, bíi ti àwọn méjì inú ilé. Mo ní kí wọ́n pa gbogbo kọ̀ǹpútà yàrá yẹn kí wọ́n tún tàn wọ́n. Wọ́n jí sáyé pẹ̀lú 192.168.1.

Ìgbà yìí ni mo tó padà sí láptọ́ọ̀pù bọ́sà, mo dá Roaming Aggressiveness padà sí 3. Mi ò gbé e dé 5. Láptọ́ọ̀pù tó wà ní 5 kì í sinmi, á máa fò láàárín méjì tí agbára wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, iṣẹ́ á sì máa kọsẹ̀ lórí ìjókòó ẹni. A tún rìn. Ó kúrò lọ́dọ̀ ti ìsàlẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ó ti wọ yàrá àwọn olùkọ́ tán, ó ti jókòó, kó tó kúrò. Ó ṣì kù.

Tíṣà kọ̀ǹpútà àti Ubuntu rẹ̀

Bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn, tíṣà kọ̀ǹpútà ní tòun náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, òdìkejì ni tiẹ̀: bó bá wọ inú ilé ńlá, Wi-Fi á kú fin-ín-fin, àfi tó bá padà sẹ́yìn. Ubuntu ló ń lò, irú Linux kan, kì í ṣe Windows. Mo ní kó tẹ `nmcli -f 802-11-wireless.bssid connection show` pẹ̀lú orúkọ Wi-Fi náà. Nọ́ńbà kan jáde. Ti ráútà ẹ̀yìn ni.

Ó rẹ́rìn-ín. Òun fúnra rẹ̀ ló ti kọ ọ́ síbẹ̀ nínú NetworkManager, ètò tó ń bójú tó Wi-Fi lórí Ubuntu, nígbà tí jíjá yẹn pọ̀ jù fún un. Bí BSSID bá ti wà níbẹ̀, NetworkManager ò ní so mọ́ ẹlòmíràn mọ́, kò tiẹ̀ ní wá wọn kiri. Èyí tiẹ̀ le ju "Lowest" ti Windows lọ, torí pé títì pátápátá ni. Àfi bí ẹni pé àwọn méjèèjì jọ lọ sọ́dọ̀ babaláwo kan náà.

Ìtúsílẹ̀ rẹ̀: `nmcli connection modify`, orúkọ Wi-Fi, `802-11-wireless.bssid ""`. Kí ó já a, kí ó tún so ó. Mo wá ní kó ṣí `iw event -t` sílẹ̀, kó máa rìn bọ̀ wá sínú ilé. Àṣẹ yìí ni mo fẹ́ràn jù lórí Linux fún irú iṣẹ́ yìí, torí pé bó bá ti fi ọ̀kan sílẹ̀ tó mú òmíràn, ìlà tuntun á jáde pẹ̀lú àkókò rẹ̀, ẹ ò sì ní máa méfò. A rí i tó fi ti ẹ̀yìn sílẹ̀ ní gbàgede, tó mú ti ìsàlẹ̀ kó tó dé ẹnu ilẹ̀kùn. Tíṣà ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n kọ àṣẹ yẹn sílẹ̀."

MacBook Mọ́mì, tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn rí

Èyí ni mo gbádùn jù. Ọ́fíìsì Mọ́mì wà lókè, ó kọjú sí àtẹ̀gùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní òkè ẹnu ọ̀nà àbáwọlé gan-an. Láàárọ̀ wọn á kọ́kọ́ jókòó nísàlẹ̀ kí àwọn òbí, wọ́n á ṣí láptọ́ọ̀pù, lẹ́yìn náà wọ́n á gòkè. Wọn ò ṣàròyé rí, wọ́n kàn ń sọ pé Wi-Fi "ń fà" ni. Mo di bọ́tìnì Option mú, mo tẹ àmì Wi-Fi. Mac á sọ gbogbo nǹkan fún ẹ bí o bá ṣe bẹ́ẹ̀: BSSID, ṣánẹ́ẹ̀lì, RSSI (agbára sígínà), ariwo. BSSID ti ìsàlẹ̀. RSSI: -68. Access point òkè níbi tí wọ́n jókòó sí: -50.

Apple sọ ọ́ síta bí macOS ṣe ń ṣe é: kò ní wá ẹlòmíràn títí sígínà fi máa jábọ́ kọjá -75. Bó bá wá wá, kò ní mú ẹni tí kò bá fi 12 dB ju èyí tó wà lọ́wọ́ lọ. Ti Mọ́mì fi 18 dB ju tọwọ́ wọn lọ, ó tó ó sì ṣẹ́kù. Àmọ́ -68 kò tíì dé -75, nítorí náà Mac ò yọjú síta débi tó máa rí i. Mac ò sì ṣẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló ń jẹ́.

Kò sí bọ́tìnì tí èèyàn lè tẹ̀ lórí Mac láti yí -75 padà. Access point ìsàlẹ̀ ni mo gbọ́dọ̀ bá wí. 23 dBm ni agbára 5 GHz rẹ̀, ìyẹn òkè téńté. Wọ́n ti gbé gbogbo wọn débẹ̀ nítorí pé ẹni tó so wọ́n gbà pé bó bá ṣe ń pariwo tó ni yóò ṣe dára tó. Láptọ́ọ̀pù ò ní irú ohùn bẹ́ẹ̀. Ó ń gbọ́ access point láti ọ̀nà jíjìn, ó rò pé àwọn jọ wà pọ̀, àmọ́ bó bá fèsì, access point ò gbọ́ dáadáa. Ìlà mẹ́ta á wà lójú kọ̀ǹpútà, nǹkan ò sì ní rìn.

Ìṣirò rẹ̀ rọrùn, torí dB tí ẹ bá yọ lẹ́nu access point náà ló máa yọ létí láptọ́ọ̀pù. Bí mo bá fi sí 17, -68 á di -74: Mac ò ní mira. 14 ni mo fi sí, 9 dB wálẹ̀, ó di -77. 2.4 GHz máa ń la dẹ́kìn kọjá ju 5 GHz lọ, mo sì gbé tiẹ̀ wá sí 8, kí láptọ́ọ̀pù má sá kúrò lórí ọ̀kan lọ bá èkejì nínú àpótí kan náà. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún ti òkè pẹ̀lú. Mo wá lọ yẹ gbogbo igun ìsàlẹ̀ wò, bóyá ibì kan ti di ahoro. Yàrá ìkẹ́rùsí nìkan ló burú, -74, bébà àti àga fífọ́ ló sì wà níbẹ̀.

Mọ́mì gbé MacBook wọn láti ìsàlẹ̀ gòkè. Kí wọ́n tó fìdí jókòó, BSSID ti yí padà. Wọ́n ní ṣé mo wá dín agbára ohun tí àwọn fi owó rà kù ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì, ẹ ò rí i pé ó ń yára sí i?

Ṣánẹ́ẹ̀lì

Lórí 2.4 GHz, ti ìsàlẹ̀ àti ti ẹ̀yìn jọ wà lórí 6. Mo pín wọn sí 1, 6 àti 11, àwọn mẹ́ta tí kì í tẹ ara wọn lẹ́sẹ̀.

Ti 5 GHz ló ṣe pàtàkì. Wọ́n fi ti òkè sí Auto, ó ti yan 52. Láti 52 dé 64, àti láti 100 dé 144, rédà ló ni ibẹ̀ kí Wi-Fi tó ni ín. Láptọ́ọ̀pù ò láṣẹ láti kọ́kọ́ pariwo níbẹ̀ pé "ta ló wà nílé?" Ó gbọ́dọ̀ dákẹ́, kó dúró de beacon, ìyẹn ìkéde pé òun wà níbẹ̀ tí access point ń rán jáde ní bíi ìgbà 10 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ṣánẹ́ẹ̀lì tó fẹ́ tẹ́tí sí bá pọ̀, ìdúró yẹn á gùn, ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn á sì ti dé òkè. Mo gbé ti òkè lọ sí 149, ti ìsàlẹ̀ sí 157, méjèèjì ní 40 MHz kí wọ́n má bàa gun ara wọn. Lórí àwọn wọ̀nyí, láptọ́ọ̀pù lè béèrè kí wọ́n sì dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ti bọ́sà ń yí padà lórí àtẹ̀gùn, kì í dúró de inú yàrá mọ́.

Ohun tí mo fi sílẹ̀ láìtàn

Ojú ìṣàkóso àwọn access point yìí ní ibi tí èèyàn ti lè pàṣẹ kí wọ́n lé láptọ́ọ̀pù tí sígínà rẹ̀ bá ti lọ sísàlẹ̀ jù. Ó wúlò níbi kan, àmọ́ mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Bí ẹni lé ewúrẹ́ kúrò nídìí èlùbọ́ ni: á sá dé ẹ̀gbẹ́ ògiri, á wẹ̀yìn wò, á tún padà síbẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tó fi ń lọ tó ń bọ̀, ẹni tó ń lo láptọ́ọ̀pù ló ń jìyà.

Mo tan 802.11k àti 802.11v, àfikún méjì sí ìlànà Wi-Fi. Èyí àkọ́kọ́ ti wà láti 2008, ó ń jẹ́ kí access point fún láptọ́ọ̀pù ní orúkọ àwọn aládùúgbò rẹ̀ kó má bàa wá gbogbo ṣánẹ́ẹ̀lì kiri. Èkejì, ti 2011, ni ìmọ̀ràn tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan: "lágbájá á dára fún ẹ ju èmi lọ." 802.11r, tí òun náà jáde ní 2008, ni mi ò tàn. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti gé ìfọwọ́síwèé àárín láptọ́ọ̀pù àti access point tuntun kúrú. Ibi tó ti ń ṣe bẹbẹ ni ilé-iṣẹ́ tí olúkúlùkù ní orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀, tí ẹ̀rọ kan níbòmíràn gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i nígbà kọ̀ọ̀kan. Ilé ìwé yìí ń lo pásíwọ́ọ̀dù kan fún gbogbo ayé, ìfọwọ́síwèé tiwọn kì í pẹ́. Àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ mìíràn sì wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá rí 802.11r, wọn ò ní lè so rárá. Mi ò rí ìdí tí mo fi máa ra ìjà yẹn.

Iná

Bí mo ṣe ń kó irinṣẹ́ mi, NEPA mú iná lọ. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, gbogbo láptọ́ọ̀pù inú yàrá àwọn olùkọ́ ti bọ́ sọ́dọ̀ access point ìsàlẹ̀. Mo tẹ̀lé wáyà. Ti ìsàlẹ̀ wà lórí ínfátà. Ti òkè ń gba iná láti inú ṣọ́kẹ́ẹ̀tì yàrá àwọn olùkọ́, pẹ̀lú àpótí kékeré tó ń fi iná sínú wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ṣọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn ò sí lórí ínfátà. Nígbà tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, access point òkè gba bíi ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ kó tó jí, láptọ́ọ̀pù méjì sì ti jókòó pa sísàlẹ̀.

Ká ní mi ò tíì dín agbára ti ìsàlẹ̀ kù, gbogbo wọn ni ì bá jókòó pa síbẹ̀ títí ilé ìwé á fi parí. Mo rò ó, ó sì dá mi lójú pé ohun tó ń ṣe wọ́n lójoojúmọ́ láìmọ̀ nìyẹn, torí ta ni iná kì í lọ mọ́ lọ́wọ́?

Mi ò ra nǹkankan. Àpótí kékeré yẹn ò pọn dandan kó wà nítòsí access point, ibikíbi lórí wáyà náà tó bá ti wà láàárín mítà 100 ti tó. Mo yọ ọ́ lókè, mo gbé e wá sísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ síwíìṣì, mo fi sórí ìlà ínfátà. Mo lo ohun tí a fi ń so wáyà méjì pọ̀ sí ojú rẹ̀ lókè. A pa jẹnẹrétọ̀ láti dán an wò. Access point òkè ò ṣẹ́jú.

Bó ṣe wà nígbà tí mo kúrò

Bọ́sà láti ọ́fíìsì ìsàlẹ̀ dé yàrá àwọn olùkọ́: ping kan já lórí àtẹ̀gùn, òmíràn 40 ms, ó padà sí 3. Láti òkè dé yàrá kọ̀ǹpútà: méjì já ní gbàgede, àdírẹ́sì kò yí padà, ojú ìwé owó ò ní kó tún fi pásíwọ́ọ̀dù wọlé. Tíṣà kọ̀ǹpútà ń rìn kiri fúnra rẹ̀ pẹ̀lú `iw event`, wọ́n ní kó lọ kọ́ àwọn ọmọ.

Ráútà ẹ̀yìn ṣì jẹ́ ti 2.4 GHz nìkan. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé tí mo fún Mọ́mì pé òun ló yẹ kí wọ́n pààrọ̀ bí owó bá dé, kí wọ́n ra irú ti inú ilé.

Láptọ́ọ̀pù kan ṣẹ́kù tí mi ò rí ṣe, ti igbákejì ọ̀gá ilé ìwé. Káàdì Wi-Fi àtijọ́ ló wà nínú rẹ̀, 2.4 GHz nìkan, driver rẹ̀ ò sì ní ohunkóhun tó jọ Roaming nínú Advanced. Ibi tó bá ti mú, ibẹ̀ ló máa kú sí. Mo ní kí wọ́n ra káàdì USB kékeré. Wọ́n ní àwọn máa rò ó. Mo bá kọ fáìlì kékeré kan sí ojú kọ̀ǹpútà wọn, ìlà mẹ́ta: `netsh wlan disconnect`, `timeout /t 2`, `netsh wlan connect name=` pẹ̀lú orúkọ Wi-Fi náà. Bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́, láptọ́ọ̀pù á já, á wá kiri látìbẹ̀rẹ̀, á sì mú èyí tó lágbára jù níbi tí wọ́n wà. Wọ́n bi mí orúkọ tí mo sọ fáìlì náà. Mo ní "MO TI DE OKE". Wọ́n ní kí n ṣe òmíràn tó ń jẹ́ "MO TI SOKALE". Ohun kan náà ló wà nínú àwọn méjèèjì, mo ṣe é fún wọn.